Owó wákàtí, kọmíṣọ̀n àbí owó koríyá: èwo lẹ fẹ́ fi máa sanwó fún oníṣẹ́ ọwọ́ yín?

Àwọn tó fẹ́ gba mẹ̀káníìkì, plọ́ḿbà, wẹ́dà tàbí oníná síṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi mí ni pé "èló ni kí n máa san?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi kí lẹ fẹ́ sanwó lé lórí. Torí bẹ́ ẹ bá sanwó lórí àkókò, àkókò lẹ máa rí gbà. Bẹ́ ẹ bá sanwó lórí ọjà, ọjà á tà. Bẹ́ ẹ bá sì sanwó lórí iye iṣẹ́, iṣẹ́ á pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò ní mọ bó ṣe rí títí dìgbà tí kọ́sítọ́mà bá pè yín lórí fóònù pé nǹkan tẹ́ ẹ tún ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ti tún daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti fi sanwó fún èmi náà rí nídìí iṣẹ́ mẹ̀káníìkì kí n tó wá dẹni tó ń sanwó fún ẹlòmíì, nítorí náà ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo, owó mẹ́ta

Ká ní wọ́n gbé mọ́tò kan wá tí kì í stáàtì láàárọ̀. Ẹnu bátìrì ẹ̀ ti dípẹtà, ìyẹn lẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì máa kọ́kọ́ rí, àmọ́ lábẹ́ ìyẹn, alternator ẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbé iná wọ bátìrì mọ́.

Tó bá jẹ́ owó wákàtí lẹ̀ ń san fún mẹ̀káníìkì yín, á fọ ẹnu bátìrì yẹn, á fi mítà wọn iná, á rí ti alternator, á tún yẹ bẹ́líìtì wò, á sọ fún ẹnì kejì ẹ̀ pé kó wá wo nǹkan, wọ́n á jọ rojọ́ díẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan á di méjì. Iṣẹ́ náà á dáa o. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa san wákàtí kejì yẹn.

Tó bá jẹ́ kọmíṣọ̀n, fífọ ẹnu bátìrì ò lówó kankan nínú. Á ní ẹ ra bátìrì tuntun, ẹ ra alternator, àti pé tó bá jẹ́ tòun ni, òun á pààrọ̀ sítátà náà pọ̀ mọ́ ọn kó má baà di wàhálà lọ́la. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn jẹ́ òótọ́. Ẹ ò ní mọ èwo ni, kọ́sítọ́mà ò ní mọ̀, òun gan-an alára ò sì ní mọ̀ mọ́ tó bá ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì.

Tó bá wá jẹ́ iye kan pàtó lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 15 péré, ó ti fọ ẹnu bátìrì, mọ́tò ti stáàtì, ó ti nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ti mọ́tò tó kàn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà wọ́n á fà á padà wá.

Ẹni kan náà ni mo ń sọ o, olóòótọ́ èèyàn tó mọṣẹ́ ẹ̀ dunjú.

Owó wákàtí

Èyí ò le rárá láti lóye, mi ò sì ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ó dáa fún iṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò lè mọ ibi tó máa parí sí: wíwá ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ, títún páìpù tó wà nínú ògiri ilé àtijọ́ ṣe, iṣẹ́ tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń tú u lẹ̀ ń rí òmíì. Ó dáa fún ọmọṣẹ́ náà, torí ẹ ò lè máa fi owó lé ọmọ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lére kẹ́ ẹ tún fẹ́ kó fara balẹ̀ kọ́ ọ.

Ibi tó ti ń dunni ni pé ẹni tó ń parí iṣẹ́ mẹ́fà lójúmọ́ àtẹni tó ń parí mẹ́ta, owó kan náà ni wọ́n ń gbà, ẹni tó ń parí mẹ́fà yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ wá iṣẹ́ síbòmíì. Ó tún nílò ẹni táá máa wò wọ́n. Àwọn tó ń ṣírò owó wákàtí máa ń gbàgbé owó ẹni tó ń wò wọ́n yẹn, wọ́n á ní owó wákàtí ló dínwó jù, kò dínwó rárá jàre.

Kọmíṣọ̀n

Ibi tí mo ti fẹ́ jókòó rèé, torí òun làwọn ọ̀gá tuntun máa ń sáré lọ bá. Ó jọ pé kò sí ewu níbẹ̀: tí ò bá tà, ẹ ò san nǹkan kan. Kó tó di pé ẹ buwọ́ lùwé, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sears ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992. Ilé ìtajà ńlá tó láwọn ṣọ́ọ̀bù mẹ̀káníìkì káàkiri ni, wọ́n ti gbé ètò kọmíṣọ̀n àti iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà wọ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lọ́rùn. Ìjọba ìpínlẹ̀ California rán àwọn èèyàn wọn lọ bíi kọ́sítọ́mà, ìgbà 38, wọ́n ní nínú ẹ̀, ìgbà 34 ni wọ́n ti ní kí wọ́n tún nǹkan tí ò bàjẹ́ ṣe. Ọ̀gá pátápátá ilé iṣẹ́ náà jáde wá gbà pé ètò owó àwọn ló fa irú ẹ̀, wọ́n sì fagi lé kọmíṣọ̀n àwọn tó ń gba kọ́sítọ́mà lálejò nídìí mọ́tò. Ká sòótọ́, kì í ṣe pé gbogbo wọn kúkú jẹ́ olè o, ibi tí òótọ́ á ti máa jẹ owó mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n fi wọ́n sí.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ láìfọwọ́ bò ó pé ẹni tó ń yẹ nǹkan wò láti sọ ohun tó ń ṣe é, ẹ má fún un ní kọmíṣọ̀n lórí títà ohun tó bá sọ pé ó bàjẹ́. Tó bá jẹ́ kọ́sítọ́mà ló mọ ohun tó fẹ́ kó tó dé, bí ẹni tó fẹ́ géètì tuntun lọ́dọ̀ wẹ́dà tàbí tó fẹ́ pààrọ̀ gbogbo balùwẹ̀ ẹ̀, kọmíṣọ̀n ò burú níbẹ̀, torí kò sí irọ́ tẹ́ni kankan lè pa nípa pé géètì ń ṣàìsàn.

Bẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ wo orí kí lẹ̀ ń san án lé. Lórí gbogbo owó tí kọ́sítọ́mà san ni, àbí lórí èrè tó kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ owó ẹrù? Bó bá jẹ́ orí gbogbo owó, ẹrù tó wọ́n jù lá máa tà, tó bá sì láṣẹ láti dín owó kù fún kọ́sítọ́mà, á dín in kù dáadáa, torí ìdínkù yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ kan ìpín tiẹ̀, èrè tiyín ló ń gé. Ẹ sì má san án títí owó á fi wọlé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń san kọmíṣọ̀n lórí risíìtì lásán, kọ́sítọ́mà ò sì san gbèsè yẹn dòní.

Ìgbà tí iṣẹ́ ò bá sí ńkọ́? Àwọn kan máa ń ṣe owó àsansílẹ̀ pé gba èyí lóṣù yìí, a máa yọ ọ́ nígbà tó bá tà. Oṣù mẹ́ta tọ́jà ò tà tó, òṣìṣẹ́ yẹn ti di ajigbèsè lọ́wọ́ yín, ó sì máa sá.

Owó koríyá

Orúkọ yìí gbòòrò, nǹkan bíi mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹ̀. Owó lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà. Wákàtí ìwé wà, èyí táwọn mẹ̀káníìkì ń lò, tí ìwé á sọ pé iṣẹ́ báyìí wákàtí mẹ́ta ni, ẹ máa san wákàtí mẹ́ta bóyá ó lo méjì tàbí ó lo márùn-ún. Bónọ́ọ̀sì tí gbogbo yín jọ pín lóṣooṣù wà. Èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò padà wá náà wà.

Wákàtí ìwé ni wọ́n fi ń sanwó fún mi níbì kan tí mi ò ní dárúkọ. Oṣù méjì àkọ́kọ́, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń lé iṣẹ́ bí ẹni ń lé olè, owó ń wọlé. Ni ọ̀gá bá wo ìwé owó, ó ní ẹ̀yin ọmọ yìí ti ń gbówó jù, ó gé wákàtí ìwé iṣẹ́ bíréèkì láti méjì sí ọ̀kan àtààbọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà. A kàn jọ sọ ọ́ láàárín ara wa pé láti òní lọ, a ò ní kọjá iye kan lójúmọ́, àtẹni tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Ọdún kan tí mo lò níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnì kankan ò sáré mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ láyé ju èmi àti ọ̀gá yẹn lọ. Lọ́dún 1891, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Frederick Halsey gbé ètò kan kalẹ̀ fáwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà torí ìdí yìí gan-an: àwọn ọ̀gá máa ń gé owó báwọn òṣìṣẹ́ bá ti yára, àwọn òṣìṣẹ́ náà á wá máa fà sẹ́yìn. Ohun tó ṣe ni pé kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ pín àkókò tí wọ́n jèrè. Ká ní iṣẹ́ wákàtí 10 ni, ẹnì kan sì fi wákàtí 6 parí ẹ̀. Wákàtí 4 ni èrè. Ẹ san wákàtí 6 tó lò, ẹ fi ìdajì èrè kún un, ó di wákàtí 8. Kò sídìí fún ọ̀gá láti gé nǹkan kan torí òun náà ti jẹ nínú ẹ̀. Nígbà tó di 1898, ẹnì kan tó ń jẹ́ James Rowan ní Glasgow, ní Scotland, yí ìṣirò náà padà: ẹ wo ìdá tí àkókò tó jèrè jẹ́ nínú àkókò tẹ́ ẹ fún un, ìyẹn 4 nínú 10, ẹ wá fi sọ wákàtí tó lò di púpọ̀. 4 nínú 10 lórí wákàtí 6 jẹ́ 2.4, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ 8.4. Ẹ rí i pé ó lé díẹ̀ ju ti Halsey, àmọ́ tẹ́nì kan bá fi wákàtí 3 péré parí ẹ̀, Halsey máa san 6.5, Rowan máa san 5.1. Bó ti wù kéèyàn yára tó, lọ́dọ̀ Rowan, owó tó máa gbà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó lò ò lè di ìlọ́po méjì láéláé. Nítorí náà bó bá jẹ́ pé ẹ ò dá ara yín lójú nípa iye wákàtí tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan, ti Rowan ni kẹ́ ẹ lò, tẹ́ ẹ bá ṣìṣe, kò ní pa yín.

Ẹ̀rí tó wúlò jù fún iṣẹ́ bíi tiwa ni ti Safelite, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń pààrọ̀ gíláàsì iwájú mọ́tò. Ní 1994 àti 1995 wọ́n kúrò lórí owó wákàtí bọ́ sórí owó gíláàsì kọ̀ọ̀kan, Edward Lazear, onímọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé, sì yẹ ìwé iṣẹ́ wọn wò. Iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, owó wọn náà lọ sókè bí ìdá 10. Nǹkan bí ìdajì èrè iṣẹ́ yẹn wá látinú pé àwọn tó ti wà níbẹ̀ ń ṣe jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, púpọ̀ nínú ìyókù sì jẹ́ torí pé àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa ń dúró, irú wọn sì ń wọlé. Nǹkan méjì táwọn èèyàn kì í kà níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì sí mi jù. Àkọ́kọ́, owó wákàtí ò kúrò nílẹ̀, bí iṣẹ́ ò bá pọ̀, iye kan wà tówó ẹ ò ní wálẹ̀ kọjá. Ìkejì, bí gíláàsì tó o fi bá padà wá, ìwọ gan-an lo máa tún un ṣe lákòókò tìẹ, tí wàá sì san owó gíláàsì náà, kí wọ́n tó fún ẹ níṣẹ́ míì tó lówó. Níbi tí wọ́n ti ń san wákàtí ìwé fún mi ńkọ́, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń tún iṣẹ́ tó bá padà wá ṣe, ọmọ owó wákàtí tó wà níkọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Mo jẹ́wọ́, ọmọ yẹn tún tèmi ṣe lẹ́ẹ̀melòó kan.

Òfin, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun

Ẹ yẹ òfin ibi tẹ́ ẹ wà wò, pàápàá lórí yíyọ owó iṣẹ́ tó bàjẹ́ kúrò nínú owó òṣìṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò gba irú ẹ̀ láyè bẹ́ẹ̀ yẹn. Àṣìṣe táwọn ọ̀gá sì máa ń ṣe jù ni pé wọ́n rò pé ẹni tó ń gba owó lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ò ní owó àṣekún. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó ti wà láti 1938 ní wákàtí tó bá ti kọjá 40 lọ́sẹ̀, owó wákàtí kan àtààbọ̀ ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ẹ̀, bónọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti ṣèlérí náà á wọnú ìṣirò. California tún fi kún un láti 2016 pé ẹ gbọ́dọ̀ san owó ìsinmi àti àkókò tí wọ́n jókòó láìsí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Bẹ́ ẹ ò bá ní ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí sí, ẹ má dédé sọ pé owó koríyá lẹ fẹ́ san.

Tó bá jẹ́ èmi

Ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta sísàlẹ̀, ẹ dúró sórí owó wákàtí, ẹ san án dáadáa, ọbẹ̀ tó dùn owó ló pa á. Ìṣirò yòókù á kàn gba àkókò yín. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ bá jọra lójoojúmọ́, gíláàsì, táyà, páìpù ilé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, á jèrè nínú owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ o.

Tèmi lónìí, owó wákàtí ni ìpìlẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá. Bónọ́ọ̀sì wà lórí wákàtí tí wọ́n jèrè, ìdajì-ìdajì bíi ti Halsey, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mi ò ní gé wákàtí iṣẹ́ kankan láàárín ọdún àyàfi tá a bá ra irinṣẹ́ tuntun tó mú un yára. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó padà wá ló máa tún un ṣe, á gba owó wákàtí ẹ̀ lórí ẹ̀, àmọ́ kò sí bónọ́ọ̀sì, èyí tó fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ lórí ẹ̀ náà lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń di bónọ́ọ̀sì mú fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí n tó san án. Ẹni tó yára jù nínú wọn ṣì ń bínú sí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, ó ní owó òun ni mo fi ń ṣòwò. Mo ti dín in kù sí ọjọ́ 14 fún bátìrì àti bíréèkì, torí èyí tó bá máa bàjẹ́ níbẹ̀ kì í pẹ́ kó tó hàn, àmọ́ ti ẹ́ńjìnnì, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ṣì wà, bó fẹ́ kó máa bínú.