Ìsìn alẹ́ Jímọ̀ ní Redemption City: bí ètò rẹ̀ ṣe rí, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ti ìjọ Rídíìmù fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni kó kọ́kọ́ yanjú. Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń ṣe é, ní Redemption City, ìlú tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní Kámpù, ní kìlómítà 46 lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nítòsí Mòwé ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń wọ òru. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan náà ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tí wọ́n kọ́lé sí Ìbàfò àti Mòwé ń padà sílé, ìgbà náà sì ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó ẹrù láti Apápá lọ sókè Ọya ń gba ibẹ̀ kọjá. Kí èrò ìsìn tó dé, ọ̀nà ti kún. Ẹni tó bá kúrò ní Berger lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, inú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ló ń lọ. Ẹ kúrò nílé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ara tu ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn díẹ̀, ìyẹn bí oríta Ṣágámù ò bá dí. Ẹ má sì gbójú lé rélùwéè tuntun: Abẹ́òkúta ló gbà, kò ya Mòwé rárá.

Rídíìmù nìkan kọ́ ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Prayer City ti ìjọ MFM wà níbẹ̀, ilẹ̀ àdúrà NASFAT, ẹgbẹ́ àdúrà àwọn Mùsùlùmí, náà wà níbẹ̀. Ẹ wo kàlẹ́ńdà tiwọn náà kí ẹ tó mú ọjọ́, torí bí ìjọ kan àti ẹgbẹ́ àdúrà kan bá pàdé ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sí awakọ̀ tó lè gbà yín.

Ilẹ̀ tí ìjọ kọ́kọ́ gbà níbẹ̀ ní 1983 kò tó hẹ́kítà 5. Lónìí ó ti lé ní 2,500. Gbọ̀ngàn tuntun nìkan, ìwọ̀n tí wọ́n kéde fún un ni kìlómítà 3 ní gígùn, kìlómítà 3 ní ìbú. Ẹni tó ń rin kìlómítà 5 láàárín wákàtí kan á lo ìṣẹ́jú 36 láti etí kan dé èkejì, bí ọ̀nà bá ṣófo. Kì í sì í ṣófo. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ máa lé ìjókòó tó sún mọ́ pẹpẹ. Ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí ni kó pinnu ibi tí ẹ máa jókòó. Ẹ wá ibi tí ojú yín ti ń rí tẹlifíṣọ̀n gàgàrà kan dáadáa, kí ẹ sì jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá jókòó sáàárín méjì, ohùn ti iwájú àti ti ẹ̀yìn á máa kọlu ara wọn létí rẹ̀, ìwàásù á wá di ariwo lásán, pàápàá nígbà tí ògbufọ̀ bá tún da tirẹ̀ mọ́ ọn.

Gbọ̀ngàn náà ní òrùlé, kò ní ògiri. Nígbà òjò, ẹni tó bá jókòó sétí máa tutù rin rin. Ní Disẹ́ńbà, ọyẹ́ á fẹ́ wọlé láti ìdájí. Ẹ mú aṣọ òtútù kan dání láìka oṣù tí a wà sí. Ẹ mú ẹní, omi, tọ́ọ̀ṣì kékeré, páwà báǹkì àti owó wẹ́wẹ́, torí ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n máa ń gba ọrẹ. Bí ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i lápá, kì í ṣe sínú báàgì rẹ̀. Báàgì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ọmọ tó sọnù máa ń gbàgbé. Fóònù pàápàá ò ṣeé fọkàn tán níbẹ̀. Òpó nẹ́tíwọ̀kì díẹ̀ ni gbogbo èrò yẹn ń pín lò, ìpè kì í wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ló máa ń ráyè kọjá. Kí ẹ tó pínyà, ẹ ti fẹnu kò sí ibi tí ẹ máa pàdé, kó jẹ́ ibi tó ní nọ́ńbà tàbí orúkọ lára, kì í ṣe "lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta búrẹ́dì", torí ibi mélòó kan ni wọ́n ti ń ta búrẹ́dì?

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ lọ nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin bá ṣì ń kọrin. Gbàrà tí ìwàásù bá parí, ìlà á gùn. Oúnjẹ kò ṣòro rí, owó rẹ̀ kàn ga ju ti ìta lọ díẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá sùn kó ti san owó rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àpéjọ ńlá ti Ọ́gọ́ọ̀sì àti ti Disẹ́ńbà, ẹni tó bá dé láìgba yàrá, orí ẹní ló ń sùn.

Ibi tí ìlú yìí ti yọrí jù lọ kò sí nínú ìsìn rárá. Iná ni. Ìjọ ní ilé iṣẹ́ iná tirẹ̀ tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́, mẹ́gáwáàtì 25, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tó wà nínú ọgbà. Omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n ń kó ìdọ̀tí, ọ̀nà kò ní kòtò, ilé ìwé wà, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí wà, báǹkì wà. Ẹni tó ti àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ ti ń bú ramúramù mọ́jú wá, tó wá bọ́ sí ibi tí iná ò ti ṣẹ́jú látìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù òṣèlú fún un. Ó ti rí ẹni tó ń ṣe ìjọba. Bí àwọn onímọ̀ bá ń kọ̀wé nípa bí àwọn ìjọ ẹlẹ́mìí ṣe ń wá agbára láwùjọ, orí pẹpẹ ni wọ́n máa ń wò. Ó yẹ kí wọ́n lọ wo yàrá ẹ̀rọ amúnáwá.

Bí ìjọ ṣe dé ibẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Josiah Akíndayọ̀mí, ọmọ Oǹdó tí kò kàwé, tó ti ṣe Kérúbù àti Séráfù tẹ́lẹ̀, ló dá a sílẹ̀ ní 1952 ní Èbúté Mẹ́tta. Enoch Adéboyè, ọmọ Ifẹ̀wàrà, tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, ni ògbufọ̀ rẹ̀ kó tó di ẹni tó jogún ipò náà ní 1981. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dá irú ẹ̀ka mìíràn sílẹ̀ fún àwọn tó kàwé, tí wọ́n ń fi gèésì wàásù tí wọ́n sì ń ta gìtá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀ka àtijọ́ tí ìlànà wọn le. Wọ́n tún dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọba, àwọn oníṣòwò ńlá àti àwọn tó wà nípò, Christ the Redeemer's Friends Universal lórúkọ rẹ̀. Àfojúsùn tí ìjọ kọ sílẹ̀ sì ni pé ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, kí èèyàn má rìn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kó tó kan ẹ̀ka wọn. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní Nàìjíríà tó ní ọ́fíìsì tó sún mọ́ ilé èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn olóṣèlú mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wá. Ẹni tó bá lọ ní àsìkò tí ìbò ti sún mọ́lé á rí i bí ètò ṣe ń lọ: àwọn ọlọ́pàá á kọ́kọ́ dé, ọ̀nà kan á di ti ọkọ̀ àwọn àlejò pàtàkì, ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú ìlà á sì dúró. Àwọn àlejò á jókòó níwájú, wọ́n á dárúkọ wọn, wọ́n á gbàdúrà fún wọn. Wọn kì í sọ fún ìjọ pé kí wọ́n dìbò fún àlejò kankan. Kò pọn dandan. Àwòrán ni àlejò wá gbà, ó sì máa ń rí i gbà. Ní Disẹ́ńbà 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan kúnlẹ̀ níwájú Adéboyè ní Kámpù, àwòrán yẹn sì káàkiri Nàìjíríà. Òkè òkun náà ń ṣe é: ní Éépìrì 2015, ìbò Gẹ̀ẹ́sì ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, David Cameron tó jẹ́ olórí ìjọba lọ bá Rídíìmù ní ìsìn Festival of Life ní gbọ̀ngàn ExCeL ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham mọ ohun tó wá ṣe.

Àmọ́ bí ẹ bá ní kí a gbé ètò òṣèlú ìjọ fúnra rẹ̀ sórí ìwọ̀n, kò gba máàkì. Ní òpin Fẹ́búárì 2022, lẹ́tà kan jáde láti olú iléeṣẹ́ pé ìjọ ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún òṣèlú àti ìṣèjọba, kí wọ́n yan àwọn tó máa ṣe é káàkiri ẹkùn wọn, kí wọ́n lè ti àwọn ọmọ ìjọ tó bá fẹ́ dupò lẹ́yìn. Gbogbo èèyàn ló wo Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, pásítọ̀ Rídíìmù tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà. Nínú ìbò abẹ́lé APC ní Abuja ní Júùnù ọdún yẹn, Bọ́lá Tinúbú ní 1,271, Rotimi Amaechi ní 316, Ọ̀ṣínbàjò ní 235. Pásítọ̀ Túndé Bakare, tó jẹ́ igbákejì Buhari nínú ìdíje 2011 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú CPC, kò rí ẹyọ ìbò kan.

Kí ló bà á jẹ́? Ìṣirò rẹ̀ ò le. Aṣojú mẹ́ta ló wá láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló sì wà. Àwọn tó ń dìbò kò ju 2,322 lọ, àwọn gómìnà àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló sì to orúkọ wọn. Mílíọ̀nù èèyàn tó ń ké halelúyà lábẹ́ òrùlé kan kò sí nínú ìwé yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìwé yẹn ní láti ti máa lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kó máa san owó ẹgbẹ́, kó máa sin òkú bàbá alága, kó sì fara da ariwo. Ọmọ ìjọ kì í ní àyè ìyẹn: ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìpàdé òṣìṣẹ́ ní òmíràn, ìsìn òru ní Jímọ̀. Lẹ́tà tó jáde ní Fẹ́búárì kò lè kọ́ ohun tí wọ́n máa lò ní Júùnù. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, láti May 2023, Olúrẹ̀mí Tinúbú, tí Rídíìmù fi joyè pásítọ̀ ní 2018, ti wà ní Aso Rock gẹ́gẹ́ bí ìyàwó Bọ́lá Tinúbú, ààrẹ tó jẹ́ Mùsùlùmí. Kì í ṣe ẹ̀ka òṣèlú ló gbé e débẹ̀.

Ibi tí agbára wọn ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ìgbà tí ìjọba bá fọwọ́ kan ìjọ. Àjọ Financial Reporting Council, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ìṣirò owó, gbé òfin kan jáde pé olórí ìjọ tó bá ti lo 20 ọdún kó gbé ipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 Jánúárì 2017, Adéboyè kéde pé Joseph Ọbáyẹmí ni alábòójútó fún Nàìjíríà, òun á máa bójú tó ti gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 9, Buhari yọ Jim Obazee tó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà níṣẹ́, wọ́n sì dá òfin náà dúró. Ọjọ́ méjì péré! Kò sí ẹni tó dìbò, kò sí aṣojú kankan. Àjọ mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà?

Fún olùjọsìn, ètò yìí dára, ó mọ́, ààbò rẹ̀ sì dáa ju ti ọ̀pọ̀ ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń pé sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kí ẹ ṣì fi fóònù sápò iwájú. Fún ẹni tó fẹ́ dupò, ẹ lọ síbẹ̀ fún àdúrà àti àwòrán, kí ẹ sì padà sí wọ́ọ̀dù yín lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ ìjáde ló kù. Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́ ni gbogbo ọkọ̀ ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ọ̀nà márosẹ̀ kò sì fẹ̀ tó wọn. Ọ̀nà méjì ló rọrùn: kí ẹ jáde nígbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ ìkẹyìn, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹní kí ẹ sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Sísùn ló sàn fún ẹni tó ń wakọ̀, torí oorun ló ń fa ọ̀pọ̀ ìjàǹbá ní ìdájí lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ kọ orí ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà látìgbà tí ẹ bá ti ń gbé e sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.