Láìnì fóònù ilé wa àti dial-up: ẹ wo wáyà yín kẹ́ ẹ tó ra módẹ́ẹ̀mù míì

Àtìgbà tí AOL, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan, ti pa dial-up tiẹ̀, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà fóònù, ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹsàn-án 2025 làwọn èèyàn ti ń sọ bí ariwo módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà fóònù, ṣe dùn létí wọn tó. Kò dùn létí tèmi o. Ọdún méjì gbáko ni mo fi lò ó nílé wa l'Ókè-Àdó n'Ìbàdàn, 2001 sí 2003, owó tí mo ná síbi tí kò yẹ kí n ná an sí ṣì ń dùn mí dòní, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, torí àwọn kan ṣì wà tó jẹ́ wáyà fóònù ni wọ́n ní.

Bọ̀dá mi wà ní London, ìyàwó wọn bímọ lóṣù karùn-ún 2002, wọ́n wá gbé fọ́tò ọmọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí Mọ́mì lè rí i. Mo gbé àga fún Mọ́mì síwájú kọ̀ǹpútà. Módẹ́ẹ̀mù han títí, ó kọnẹ́ẹ̀tì ní 21,600 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fọ́tò yẹn ò ju kilobáìtì 400 lọ, tí láìnì bá dáa kò yẹ kó gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ látòkè, a rí fìlà òwú tí wọ́n dé fọ́mọ, a rí iwájú orí, a rí ojú tó dì pa, ó já. Mọ́mì ní, "Imú ẹ̀ ńkọ́?" Mo tún pè, ó tún já níbi ojú yẹn náà. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo pè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n sì kà sówó fóònù, tó bá sì ti já látorí fìlà ló tún ti máa bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì sùn lọ sórí àga.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ sanwó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan fáwọn míì. Kò yí padà. Mo ní módẹ́ẹ̀mù inú kọ̀ǹpútà ni kò dáa, mo ra èyí tó ń dá dúró níta tó níná pupa wínníwínní níwájú. Ká sòótọ́, èyí ta yẹn yọ: kì í di iṣẹ́ ẹ̀ ru kọ̀ǹpútà, tó bá takú ẹ kàn máa pa á ẹ tún tàn án láì pa kọ̀ǹpútà, iná CD ẹ̀ (carrier detect, tó ń tàn tí láìnì bá wà) sì máa ń jẹ́ kí n mọ ìgbà tí láìnì já gan-an. Ṣùgbọ́n jíjá ò yéé já, pàápàá tí òjò bá ti rọ̀, ìyẹn ló yẹ kó ti là mí lójú.

Bàbá kan ládùúgbò tó ti ṣiṣẹ́ láínmàn rí, àwọn tó ń tún wáyà fóònù ṣe, ló gbà mí. Wọn ò tiẹ̀ wo kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n yọ gbogbo fóònù ilé, kí n ki ẹyọ kan síbi tí wáyà ti wọlé látìta, kí n tẹ nọ́ńbà kan péré kí ohùn gbọọrọ yẹn lè dákẹ́, kí n wá tẹ́tí. Ó yẹ kó pa rọ́rọ́. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n ń da àkàrà sínú epo gbígbóná, mo tún ń gbọ́ obìnrin kan lọ́ọ̀ọ́kán tó ń sọ̀rọ̀ nípa owó ilé. Bàbá ní, "Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà ẹ ò ṣe nǹkan kan, omi ló wà nínú wáyà yín." Wọ́n ṣí ibi tí wọ́n ti so wáyà lára ògiri, nylon lásán ni wọ́n fi wé e, bàbà inú ẹ̀ ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé, bí wọ́n ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ló kán. Wáyà tó lọ sí yàrá Mọ́mì náà, fèrèsé ti tẹ̀ ẹ́ bẹ́. Wọ́n gé gbogbo ibi tó ti jẹ, wọ́n so ó tuntun, wọ́n yọ ti yàrá Mọ́mì dànù pátápátá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn 31,200, fọ́tò jáde tán, Mọ́mì rí imú, ọmọ ti lé lóṣù mẹ́ta nígbà yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí 56K (56,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí wọ́n kọ sára páálí módẹ́ẹ̀mù tàn yín. Wáyà fóònù, ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, bíi 300 sí 3,400 hertz ló ń gbé kọjá. 56K yẹn, àfi tí ọ̀nà bá jẹ́ digital (nọ́ńbà 0 àti 1) látọ̀dọ̀ oníntánẹ́ẹ̀tì títí dé ilé iṣẹ́ fóònù àdúgbò yín, tó bá di analog (ìgbì bíi ti ohùn) tó tún padà di digital níbì kan lójú ọ̀nà, 33,600 lòpin, tèmi náà ò sì kọjá ibẹ̀. Mo wá fi àṣẹ módẹ́ẹ̀mù méjì, +MS=V34 àti S10=50, síbi tí Windows 98 fi sílẹ̀ fún extra settings. Àkọ́kọ́ ní kó má wulẹ̀ wá 56K kiri, ìkejì ní tí láìnì bá sọnù kó dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kó tó já. Pẹ̀lú ìyẹn mo máa ń lo wákàtí kan gbáko láì já lóru, ohun tí mi ò rí rí.

Ilé iṣẹ́ fóònù fúnra wọn ni mi ò lè fún ní máàkì kankan. Mo lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́rin, wọ́n á kọ kéésì mi sínú ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, wọn ò wá, bíìlì nìkan ló máa ń dé lásìkò. Tinú ilé wa la lè tún ṣe, a ò láṣẹ lórí kòtò tó wà ní títì tí wọ́n so wáyà gbogbo àdúgbò sí, kò sì ní ìdérí. Òjò 2003 kún un dẹ́nu, àkàrà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi, 14,400, 12,000, ó tún di kó máa pè láì wọlé rárá. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni mo yọ wáyà ẹ̀ kúrò lára ògiri.