Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú thermostat aláìníwáyà nínú yàrá àlejò 72

Iṣẹ́ àtúnṣe ni mo ń ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta kan lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ ní ìlú Houston, ìpínlẹ̀ Texas. Yàrá 24 ló wà ní àjà kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹta ọdún yìí ni ọ̀gá wa ra thermostat aláìníwáyà fún gbogbo wọn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré ara ògiri tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ amúlétutù bí yàrá yóò ṣe tutù tàbí móoru tó, èmi àti ẹnì kejì mi ni a sì fi ọwọ́ ara wa so ó láti yàrá kan dé èkejì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọ́jú rẹ̀, tí mo sì ń gbọ́ ohun tí àlejò ń sọ nípa rẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ọ̀nà kan náà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà nínú yàrá wa ni irú èyí tí wọ́n máa ń gbé sínú ihò ògiri lábẹ́ fèrèsé, tó fẹ̀ ní íǹṣì 42, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní PTAC. Orí rẹ̀ ni bọ́tìnì rẹ̀ wà, lẹ́yìn kọ́tìnì, kò sì sí ohun tó ń ṣọ́ ọ. Àlejò á gbé e sí ìwọ̀n 60 Fahrenheit, á jáde láàárọ̀, ẹ̀rọ á sì máa fẹ́ òtútù sínú yàrá òfìfo títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Houston kò yàtọ̀ sí ti Èkó, nítorí náà owó iná nìkan kọ́ ni irú òtútù bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Omi máa ń sẹ̀ lára ògiri tó tutù, lẹ́yìn ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, èbu dúdú á sì hù níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Mo ti ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ òórùn tó ń jáde níbẹ̀.

Apá méjì ni ohun tuntun náà ní. Apá kan jẹ́ àpótí kékeré tí a ó so mọ́ inú PTAC. Apá kejì ni thermostat fúnra rẹ̀, tó ń lo bátìrì AA méjì, tí a ó kàn mọ́ ògiri, tó ní ojú kékeré tó ń mọ̀ bóyá ènìyàn wà nínú yàrá. Ìgbì rédíò ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí náà a kò ní la ògiri láti fa wáyà gba inú rẹ̀. Fún hòtẹ́ẹ̀lì tó ní àlejò lójoojúmọ́, àǹfààní ńlá ni èyí, torí pé a parí ọ̀pọ̀ yàrá láàárín ìgbà tí àlejò àná lọ àti ìgbà tí tòní dé.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni kí a yọ púlọ́ọ̀gì PTAC kúrò lára ògiri kí a tó ṣí ojú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé bọ́tìnì tí a fi ń pa á, nítorí iná fóòtì 230 ló wà lẹ́yìn ìdérí náà. Wáyà tó kàn wá kò lágbára tó bẹ́ẹ̀: iná fóòtì 24 ni wáyà tí wọ́n fi lẹ́tà R àti C sàmì sí ń gbé wá fún àpótí náà, Y ń pe ìtutù, W ń pe ìgbóná, G sì ń pe fáànù. Sikudiráfà kékeré kan tó fún un. Síbẹ̀ ní yàrá mẹ́ta àkọ́kọ́, a so gbogbo wáyà bó ṣe yẹ, iná àpótí tàn, PTAC kò sì dá wa lóhùn rárá. Odidi ọ̀sán kan ni a fi ń tú wáyà tí a sì ń tún un so, kí a tó rí i pé inú PTAC fúnra rẹ̀ ni ìṣètò kan wà tí a gbọ́dọ̀ yí padà kí ó lè gba àṣẹ láti ara ògiri. Bí a kò bá yí i, bọ́tìnì orí ara rẹ̀ nìkan ni yóò máa gbọ́ tirẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà thermostat kò sọ ọ́. Ìwé PTAC, tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì wa láti ọdún pípẹ́, ló sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ wá ìwé yẹn. Inú rẹ̀ náà ni ó ti máa mọ̀ bóyá iná ni ẹ̀rọ tirẹ̀ fi ń mú yàrá móoru tàbí ó ń yí ọ̀nà gáàsì ìtutù inú rẹ̀ padà, nítorí pé bí a bá sọ èyí tí kì í ṣe òótọ́ fún thermostat, àlejò yóò pe ooru, òtútù ni yóò sì jẹ́ ẹ.

Irin kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò jáde dáadáa, nítorí náà má ṣe ti àpótí náà wọ àárín irin PTAC pátápátá. Ẹ̀yìn ìdérí oníke iwájú ni tiwa wà. Ní ti ara ògiri, a yàgò fún ibi tí oòrùn ń tàn sí, ibi tí àtùpà ibùsùn ń mú gbóná, àti òkè tẹlifíṣọ̀n. Nínú yàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, òfin ìjọba àpapọ̀ kò fẹ́ kí ohun tí wọn yóò fọwọ́ tẹ̀ ga ju íǹṣì 48 lọ láti ilẹ̀. Mo jókòó sórí àga láti fi ọwọ́ ara mi dán an wò kí n tó lu ihò.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan mímú àwọn méjèèjì mọ ara wọn. A ó tẹ bọ́tìnì ara àpótí títí iná rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú, a ó sì tẹ ti ara ògiri kí iná náà tó dákẹ́. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń yára. Èmi wà ní yàrá 214, ẹnì kejì mi wà ní 216, a sì tẹ bọ́tìnì ní àkókò kan náà. Iná tàn fún àwa méjèèjì, a kó irinṣẹ́, a lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ooru mú ẹni tó wà ní 214, ó ń fa ìwọ̀n wálẹ̀. Yàrá 216 ni òtútù náà ń bá lọ. Òtútù mú ẹni tó wà ní 216, òun náà ń gbé ìwọ̀n sókè. 214 ni ooru náà ń lọ. Bí ìkínní ṣe ń fà á wálẹ̀ ni ìkejì ń gbé e sókè, àwọn méjèèjì sì pe ibi ìgbàlejò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá síra wọn. Láti ọjọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tẹ bọ́tìnì ní àjà kan lẹ́ẹ̀kan. A ń kọ nọ́ńbà yàrá sí inú ìdérí bátìrì, a kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí a ó fi pe ìtutù láti ara ògiri, tí a ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Kí ẹni tó bá ń dán an wò ní sùúrù tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, nítorí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó gbéra, kí ó má baà bàjẹ́.

Gbogbo ìyẹn ni a yanjú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó ká mi lára jù ni ti oṣù kẹjọ. Ibi ìgbàlejò pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé màmá kan ní àjà kejì fẹ́ rí ẹni tó ń ṣe àtúnṣe. Abẹ́òkúta ni màmá náà ti wá, fún ìkómọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Bí mo ṣe kí i pé, “Ẹ káàárọ̀, mà,” tí ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ó ní kí n jókòó.

“Ọmọ mi,” ó ní, “òógùn ló jí mi lóru. Mo dìde jókòó, ẹ̀rọ yín bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Mo tún dùbúlẹ̀, oorun gbé mi lọ, ó tún dákẹ́. Ṣé ẹni tó bá sùn ti jáde nílé ni?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Àṣìṣe wa ni.”

Ọ̀rọ̀ màmá gan-an ni àléébù ẹ̀rọ náà. Ojú kékeré tó wà lára rẹ̀ kì í ríran bíi tiwa. Ìṣípòpadà ara tó ní ooru nìkan ló ń mọ̀. Ẹni tó fi aṣọ bora tí kò mira fún ìṣẹ́jú 30, lójú rẹ̀, kò sí nínú yàrá mọ́, yóò sì jẹ́ kí yàrá móoru dé ìwọ̀n 78 tí a yàn fún yàrá òfìfo. Ẹni tó tà á fún wa ti fi dá ọ̀gá lójú pé ojú yìí tó, pé òòfà ẹnu ọ̀nà, tó ń mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí tàbí padé, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, wà fún ẹni tó bá fẹ́ ni. A sún ìṣẹ́jú 30 di wákàtí méjì, ó dín ẹjọ́ kù, kò parí rẹ̀, ó sì tún jẹ́ kí yàrá òfìfo máa jẹ iná fún wákàtí méjì. Òòfà náà ló parí rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí tí ó tún padé, thermostat yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń rìn. Bí ó bá rí ìrìn ẹyọ kan péré lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn padé, ó gbà pé ènìyàn wà nínú, kò sì ní yí ìpinnu náà padà títí ilẹ̀kùn yóò fi tún ṣí, ì báà jẹ́ pé àlejò sùn títí di ọ̀sán. Bí kò bá rí ìrìn rárá, àlejò ti jáde nìyẹn. Mo rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta thermostat yìí fún yàrá tí ènìyàn ń sùn sí láìfi òòfà náà kún un. Òfin California béèrè pé, nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tuntun, ìwọ̀n gbọ́dọ̀ yí padà ní 5 Fahrenheit, ó kéré tán, láàárín ìṣẹ́jú 30 tí àlejò bá jáde. Ẹni tó bá jáde ni òfin yẹn ń sọ, kì í ṣe ẹni tó sùn.

Ìwọ̀n 78 náà kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn yàrá ìsàlẹ̀ tí kò gba àlejò fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa, nítorí ẹ̀rọ tí kì í sábà ṣiṣẹ́ kò lè fa ọ̀rinrin kúrò. Àjọ EPA, tó ń bójú tó àyíká fún ìjọba Amẹ́ríkà, gbà wá nímọ̀ràn pé kí ọ̀rinrin inú ilé má ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mo gbé òṣùwọ̀n sínú yàrá 108, mo bá 66. A fa ìwọ̀n yàrá òfìfo wálẹ̀ sí 75, a sì rí i dájú pé fáànù ń dúró nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá dúró, kí ó má baà fẹ́ omi tó wà lára irin tútù padà sínú yàrá. Òórùn náà lọ. Fún ìgbà òtútù, 62 ni mo fi í sí, ẹnikẹ́ni kò sì lè mú mi lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mo wà níbí ní oṣù kejì ọdún 2021 nígbà tí òtútù líle mú kí páìpù omi máa bẹ́ káàkiri Texas.

Bátìrì ni ẹjọ́ tó kù. Nígbà tó bá ń tán lọ, àwòrán kékeré kan ni yóò jáde lójú rẹ̀, àlejò kò sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí ó bá tán lóru, yàrá náà kò ní ohun tó lè pe ìtutù mọ́. A kì í dúró de àwòrán náà mọ́. Bátìrì lithium ni a ń rà báyìí, ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì ti so pípààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ìgbà tí a bá ń fọ asẹ́ PTAC.

Owó iná oṣù kẹsàn-án kéré sí ti oṣù kẹsàn-án èṣí, ṣùgbọ́n àlejò tiwa náà kéré díẹ̀, nítorí náà n kò ní gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rọ yìí. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé bí mo bá wọ yàrá tí àlejò ti jáde láti àárọ̀, n kì í bá òtútù 60 níbẹ̀ mọ́, ìwé ara ògiri sì gbẹ. Bí ọ̀gá bá bi mí, n óò ní kí ó tún rà á, pẹ̀lú òòfà láti ọjọ́ kìíní. Yàrá 60 ti ní òòfà tirẹ̀ báyìí. Èyí tó kù ni 313 sí 324, òòfà wọn ti dé, n óò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wọ́n ní ọjọ́ Ajé.