Toyota Matrix 2003 sí 2008: Ọkọ̀ Ìdílé fún Ẹni tí Owó Rẹ̀ Mọ Níwọ̀n

Bí ọmọ bá pọ̀ nílé, tí owó sì mọ níwọ̀n, Matrix ni ọkọ̀ tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ní Àkúrẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà, kò sì mọ eré sá, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Corolla ìgbà náà, 1ZZ oní 1.8, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sì sí mẹkáníìkì lójú ọ̀nà Iléṣà tàbí ọ̀nà Ọ̀wọ̀ tí ojú rẹ̀ máa ṣe àjèjì sí i. Èyí tí wọ́n kọ XRS sí lára ní ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ràn eré.

Inú rẹ̀ ló ti yege jù. Síìtì ẹ̀yìn ń wó lulẹ̀ pẹrẹsẹ, síìtì ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà náà ń dojú délẹ̀, àkàbà á sì wọlé láìyọ orí síta. Gíláàsì ẹ̀yìn ń dá ṣí láìṣí ilẹ̀kùn búùtù. Ike ni ilẹ̀ búùtù: ó rọrùn láti nù bí epo bá dà sí i, àmọ́ àpò ìrẹsì tí ẹ rà l'Ọ́jà Ọba yóò máa yọ̀ kiri ní kọ́nà gbogbo, ẹ yáa tẹ́ rọ́bà sí i. Bí àgbà mẹ́ta bá jókòó lẹ́yìn, èjìká á kan èjìká. Ẹ gbé ilẹ̀kùn búùtù sókè, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ṣọ́kì tó gbé e dúró ti kú, orí ẹni tó ń kó ẹrù ni yóò bà lé.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló ń ba àwọn tó kọ́kọ́ jáde jẹ́, pàápàá 2003 àti 2004. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà sàn padà lára písítìnì wọn kéré. Bí wọn ò bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, èédú á dí i, ríìngì á lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì. Lítà 3.7 péré ló ń gbà, nítorí náà lítà kan tó dín láìsí ẹni tó mọ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á má ṣe tan án kí ẹ tó dé, kí ẹ sì fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì bóyá ó tutù lóòótọ́. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì wò. Ẹ wá tan án. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnì kan tẹ asẹlerétọ̀ lójijì, kí ẹ̀yin wà lẹ́yìn sàléńsà. Bó bá rú èéfín búlúù, ẹ máa bá tiyín lọ. Kí wọ́n tú plug mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: èyí tó rin fún ọ́ìlì ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n á ní ọ́ìlì tó nípọn ló fẹ́. Ìyẹn ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ ni, kò wò ó sàn.

Omi rèdíétọ̀ tó ní ìpẹtà, omi kànga lásán ni wọ́n ń dà sí i, bóyá wọ́n tilẹ̀ ti yọ tẹmositáàtì, tó ń ṣàkóso ooru ẹ́ńjìnnì, jù nù. Alumíníọ̀mù ni ẹ́ńjìnnì yìí. Kò fara da ooru àpọ̀jù.

Àwọn 2005 sí 2008 ló dára jù lójú tiwa, ṣùgbọ́n ẹ la ojú. Ní 2010, Toyota pe Corolla àti Matrix ọdún wọ̀nyẹn tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà torí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì: ojú ìjórin inú rẹ̀ lè sán, ọkọ̀ á máa ja gíà gbàgà, ó lè kọ̀ láti tan, ó sì lè kú lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni owó ń bá lọ. Mẹkáníìkì á gbọ́ gbàgà, á ní kí ẹ ra gíà tokunbo, wọ́n á gbé e sí i tán, gbàgà ò sì ní lọ. Kí rẹwáyà kọ́kọ́ fi skánà wò ó. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì: iná check engine gbọ́dọ̀ yọ, kó sì kú bí ọkọ̀ bá tan. Bí kò bá yọ rárá, ẹnì kan ti pa á lẹ́nu mọ́.

Ọ́ìlì gíà ní ọ̀pá tirẹ̀: kó pupa, kó má rùn bí ohun tó jóná. Irú ọ́ìlì gíà tí wọ́n ń pè ní T-IV ló ń lò. Ẹ kó èèyàn mẹ́rin sínú rẹ̀, kí ẹ gun òkè lọ́nà Ìdànrè, ẹ óò mọ̀ bóyá gíà ń yọ̀. Ẹ gba kòtò díẹ̀ bọ̀, kí ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ iwájú.

Pontiac Vibe, ìbejì rẹ̀, ń lo ẹ́ńjìnnì àti gíà kan náà. Iná àti bọ́ńpà rẹ̀ ló ṣòro láti rí, ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa.

Ní ti ìwé, nọ́ńbà ṣasí jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀. Èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, tara férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà àti tinú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bára mu. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 5 ni 2005, 8 ni 2008. Bí wọ́n bá ti lò ó ní Nàìjíríà, ẹ gba rìsíìtì ẹni àkọ́kọ́, kí ẹ sì yí orúkọ padà kí láísẹ́ńsì rẹ̀ tó kú.

Ẹ má fi gbogbo owó ra ọkọ̀. Ẹ dá ìdá kan nínú márùn-ún sí fún ọ́ìlì, fíltà, plug, omi rèdíétọ̀, ọ́ìlì gíà àti táyà 205/55 oní 16.