Kéèjì irin, òkè ògiri, àbí ká tú u wọlé? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ dáàbò bo AC ìta

Lọ́dún kan, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Iléyá pé nígbà tí mo wọ ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo tan AC pálọ̀, atẹ́gùn ń jáde ṣùgbọ́n kò tutù rárá. Ìgbà tí mo yí lọ sí ẹ̀yìnkùlé ni mo rí i pé irin tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìta lé nìkan ló ṣẹ́ kù lára ògiri. Olè ti gé páìpù, ó ti tú bóòtì, ó ti gbé ẹ̀rọ ìta méjèèjì lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn àlejò tó fẹ́ wá wo Ojúde Ọba ti wà lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn, mo ti sanwó fún ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì ti bá àwọn ẹbí wa ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ṣe tiwọn. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó fẹ́ náwó sí i.

Kí ẹ tó bèèrè iye ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: òru mélòó láàárín ọdún ni èèyàn ń sùn nínú ilé náà? Ọ̀pọ̀ ilé wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó jẹ́ pé Èkó ni onílé ń gbé. Ó di Iléyá, ó di Kérésì, ó di ìgbà tí a bá ń sìnkú àgbà, kí fèrèsé ibẹ̀ tó ṣí. Ohun tó dáa fún ilé tí èèyàn ń gbé lójoojúmọ́ lè má wúlò rárá fún ilé tó wà ní títì pa fún oṣù mẹ́wàá.

Ohun tí olè ń wá

Bàbà ló ń wá. Bàbà wà nínú páìpù, ó wà nínú waya kọ̀mpírẹ́sọ̀ (ọkàn ẹ̀rọ ìta tó ń ti gáàsì kiri), ó sì máa ń wà nínú àwọn páìpù wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Òótọ́ ni pé àwọn AC kan wà tó jẹ́ alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn wọn, àwọn ọlọ́jà sì máa ń sọ pé olè kì í fẹ́ irú wọn. Ẹ má tìtorí ìyẹn ra ọjà. Olè kì í yẹ inú ẹ̀rọ wò lóru kó tó gbé e. Ẹ̀rọ ìta AC ẹlẹ́ṣin kan (1HP) tàbí ẹlẹ́ṣin kan àbọ̀ (1.5HP) sábà máa ń wà láàárín kílò 25 sí 35, kò tó àpò sìmẹ́ǹtì kan tó jẹ́ kílò 50. Bóòtì mẹ́rin péré ló dì í mú. Ọkùnrin kan tó ní sípánà àti ayùn irin lè parí iṣẹ́ náà kí àkùkọ tó kọ.

Kéèjì irin àti gbígbé e sókè

Àwọn méjì yìí ni àwọn èèyàn máa ń fi wéra jù, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Kéèjì ni mo fara mọ́ jù fún ilé tí kò lókè. Ṣùgbọ́n kéèjì ju kéèjì lọ. Tí wẹ́dà bá ní òun máa fi páìpù onígun mẹ́rin tó ṣófo nínú ṣe é nítorí pé ó fúyẹ́, tó sì rẹwà, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sọ pé róòdù mílímítà 12 tàbí 16 tí inú rẹ̀ kò ṣófo lẹ fẹ́. Ayùn máa ń la páìpù ṣófo kọjá wéré, àmọ́ róòdù gidi máa ń fi àkókò olè ṣòfò, ariwo rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Àkókò àti ariwo yìí gan-an lẹ ń fowó rà.

Ibi tí kéèjì ti máa ń kùnà jù lọ ni ibi tó ti kan ògiri. Búlọ́ọ̀kù wa ṣófo nínú. Bóòtì tí wọ́n kàn gbá sínú búlọ́ọ̀kù ṣófo, dígà lè fà á yọ tòun ti ògiri, láì tiẹ̀ gé róòdù kankan. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà fọ́ ojú ibẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ kéèjì sínú, kó wá rọ kọnkéré dí i. Bí ẹ bá lè gbà kó lu ògiri já, bóòtì gígùn tó ní àwo irin lápá inú yàrá ló dáa jù lọ. Mo rí kéèjì kan ní Ṣàgámù tó lágbára débi pé èèyàn lè sùn lórí rẹ̀, síbẹ̀ bóòtì kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n fi so ó mọ́ ògiri. Owó onílé yẹn dùn mí.

Ẹ̀rọ náà tún gbọ́dọ̀ mí. Ẹ fi àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri, kí iwájú tí fáànù ń fẹ́ sí má sì ní ohun tó dí i fún bíi sẹ̀ǹtímítà 60, àfi róòdù kéèjì nìkan. Ẹlòmíràn a máa fi páánù bo gbogbo ara kéèjì kí olè má baà rí inú rẹ̀. Ooru tí ẹ̀rọ ń tú jáde á padà sínú rẹ̀, iná tó ń jẹ á pọ̀ sí i, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á sì kú kí olè tó dé. Ẹ jẹ́ kó ní ilẹ̀kùn tí oníṣẹ́ AC lè ṣí fọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí àgádágodo sì wà nínú àpótí irin kékeré tí ẹnu ayùn ò lè wọ̀. Kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà tó ń dènà ìpáàrà kí wọ́n tó kun àwọ̀ tó wù yín, torí òjò ilẹ̀ wa kì í ṣeré.

Ní ti gbígbé e sókè, ilé alájà ló yẹ. Ẹ̀rọ tó bá wà lára ògiri òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń fẹ́ àkàsọ̀, àkàsọ̀ sì máa ń fojú hàn. Ìnáwó rẹ̀ wà nínú páìpù: èyí tó sábà máa ń bá AC tuntun wá kì í ju mítà 3 sí 5 lọ, bí ó bá sì jù bẹ́ẹ̀, ó lè gba kí wọ́n fi gáàsì kún un. Àmọ́ ẹ wo àyíká dáadáa. Tánkì omi tí wọ́n gbé sórí kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àkàsọ̀ ni fún olè. Báńgálò kò ní òkè gidi. Ẹni tó bá gun orí búlọ́ọ̀kù méjì máa fọwọ́ kàn án.

Bóòtì tó le tú, àti ṣéènì

Bóòtì tí sípánà lásán ò lè tú kò wọ́n, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe ààbò kan ṣoṣo. Ṣéènì, èmi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ara páánù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń so ó mọ́. Olè tó bá tú ìdérí, ṣéènì á bọ́ fúnra rẹ̀.

Aago ìdágìrì àti kámẹ́rà

Oríṣi aago kan wà tí waya rẹ̀ ń gba ara ẹ̀rọ kọjá, tí wọ́n bá gé e, á pariwo. Òmíràn ń wo gáàsì inú páìpù, tí gáàsì bá já, òun náà á ké. Iṣẹ́ méjèèjì dára. Ta ni yóò gbọ́ ni ìṣòro. Ní Àgó-Ìwòyè, níbi tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ̀gbẹ́ kanra, ariwo á kó èèyàn jọ. Ní ilé tó dá wà lẹ́yìn ìlú, á ké títí bátìrì fi máa kú. Ẹni tó ta tèmi sọ pé bátìrì rẹ̀ máa gbé ọjọ́ méjì láìsí iná. Òru kan kò gbé e. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó tán, ẹ ní kí wọ́n yọ iná kúrò níwájú yín, kí aago náà ṣiṣẹ́ di ọjọ́ kejì.

Kámẹ́rà tó ń lo síìmù àti oòrùn dára ju aago lọ fún ẹni tó wà l'Ékòó, bí dátà kò bá tán, bí ẹ bá sì ní nọ́ńbà ẹnì kan tó lè dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ lọ rí ọdẹ àdúgbò, ẹ lọ rí àwọn So-Safe, ẹ̀ṣọ́ ààbò ìpínlẹ̀ Ògùn, tó bá súnmọ́ yín, ẹ gba nọ́ńbà wọn kí ẹ tó ra kámẹ́rà. Láìsí ìyẹn, fíìmù olè nìkan lẹ máa rí wò.

Títú u wọlé

Ọ̀nà yìí ni àwọn èèyàn ò sábà rò, òun sì ni mo yàn fún ilé bàbá wa. Oníṣẹ́ AC tó mọṣẹ́ lè pa fáàfù páìpù kékeré (ohun tó ń ṣí gáàsì, tó sì ń tì í), kó jẹ́ kí ẹ̀rọ fa gbogbo gáàsì padà sínú ara rẹ̀, kó pa fáàfù kejì, kó sì tú ẹ̀rọ náà. A gbé e sínú yàrá, a dí ẹnu páìpù pinpin kí omi àti kòkòrò má wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọdún bá súnmọ́, á so ó padà, á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde kó tó ṣí gáàsì. Ẹ má gbà kó fo ìpele yìí, torí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ń ba kọ̀mpírẹ́sọ̀ jẹ́. Owó iṣẹ́ ni ẹ ó máa san lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnu páìpù sì lè fẹ́ títún ṣe. Fún ilé tí a ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, mo gbà pé ó tọ́ sí i. Tí ẹ bá ń wá lóṣooṣù, kò tọ́ sí i, ẹ ṣe kéèjì.

Tí owó ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, tí èèyàn sì ń gbé inú ilé lójoojúmọ́, kéèjì tó wọ kọnkéré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí páìpù sì gba inú ògiri. Kámẹ́rà lè tẹ̀ lé e lọ́dún tó ń bọ̀.

Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ

Èyí ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ ya fọ́tò àwo kékeré tí nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lára rẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Àwọn baba wa ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, òfin náà sì ka ríra ẹrù olè sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, ẹ kò lè tọ́ka sí AC kan pé tiyín ni láìní nọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n jí tiwa, ọlọ́pàá bèèrè nọ́ńbà náà lọ́wọ́ mi, mi ò ní i. Ti àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ báyìí wà lórí fóònù mi, ìyá wa sì ní ẹ̀dà rẹ̀ nínú ìwé kékeré kan.