Fífọ eyín ní kíliníìkì pẹ̀lú omi ìfọnu apakòkòrò tó ń jẹ́ chlorhexidine: ojú tí mo fi rí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra omi ìfọnu ṣáá tórí ẹnu ń rùn, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó náwó míì. Kubwa l'Ábújá ni mò ń gbé, kíliníìkì àdáni kan ní Wuse ni mo lọ, mi ò ní dárúkọ wọn tórí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò.

Erìgì mi máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tí mo bá ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọnu, òórùn náà ò sì lọ. Mo ti jẹ tọ́mùtọ́mù títí, mo ti run asuwaki táwọn mallam ń tà níwájú mọ́ṣáláṣí, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ni dókítà yẹn, bó ṣe gbọ́ orúkọ mi báyìí Yorùbá ló kù. Ó mú irin tín-ín-rín kan tó ní ìlà lára, ó ń tì í wọ ààrin eyín àti erìgì, ó ń pe nọ́ńbà fún nọ́ọ̀sì: méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, àfi bó ṣe dé ọ̀kan lẹ́yìn tó ní mẹ́fà! Ó ní mílímítà ni, 1 sí 3 ò burú, tó bá ti di 4 sókè erìgì ti ń ṣí kúrò lára eyín nìyẹn, ó ti di àpò. Inú àpò yẹn làwọn kòkòrò tí ò fẹ́ atẹ́gùn ń sá sí, ó dárúkọ Porphyromonas gingivalis àti Treponema denticola (ẹ má ní kí n pè é o). Wọ́n á máa jẹ èròjà inú ẹ̀jẹ̀ àti itọ́, wọ́n á wá máa tú gáàsì onímí-ọjọ́ jáde, òun gan-an ló ń rùn. Ẹ̀yìn ahọ́n náà, ibùba wọn ni. Ó tún bi mí bóyá mo ní ìtọ̀ ṣúgà, tórí erìgì àwọn tó ní i máa ń tètè bàjẹ́.

Èérí tó bá ti gan mọ́ eyín, búrọ́ọ̀ṣì ò lè ṣí i, omi ìfọnu ò sì lè dé abẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, ó ń tú omi, ó ń kùn lẹ́tí, ó sì ta mí díẹ̀. Nǹkan tó bọ́ sínú àwo, àwọn pàǹtí dúdú líle báyìí, mo wò ó mo ní ṣé ẹnu èmi nìyí ti jáde ni?

Chlorhexidine 0.2% ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn, 10ml láàárọ̀ àti lálẹ́, kéèyàn fi yọnu fún ìṣẹ́jú kan. Ó ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́, àmọ́ ọbẹ̀ ò dùn lẹ́nu mọ́, eyín wá ń pọ́n bíi ti ẹni tó ń fi obì jẹun, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi níbi tí wọ́n ti gbowó. Kì í ṣe nǹkan téèyàn ń lò lọ títí, ó sì yẹ kéèyàn dúró díẹ̀ lẹ́yìn tó bá fi ọṣẹ eyín fọnu tán kó tó lò ó, torí ọṣẹ yẹn máa ń pa agbára ẹ̀.

Ẹjọ́ mi rèé: aago mẹ́sàn-án ni wọ́n fún mi, wọ́n ò pè mí títí wọ́n fi pe ìrun Jímọ̀, ẹni tó ń gbowó tún fẹ́ fi tipátipá ta iṣẹ́ sísọ eyín di funfun fún mi. ₦25,000 tí mo san fún fífọ ò dùn mí ṣá, ẹ̀jẹ̀ ti dá, ó ku eyín ẹ̀yìn yẹn tí wọ́n fẹ́ tún wọ̀n. Tẹ́ ẹ bá mọ ibì kan ní Gwarinpa tí wọn kì í dá èèyàn dúró báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ta mí lólobó.