Gáìdì ìpẹja fláì ní Mosquito Lagoon nígbà òtútù: ṣé owó ẹ̀ tọ́ sí i?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Orlando àti agbègbè ẹ̀ tẹ́ ẹ ti ń dààmú mi lórí fóònù látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ẹja yẹn síta, ó yá, àgbéyẹ̀wò tẹ́ ẹ ní kí n kọ nípa gáìdì tó gbé wa lọ pẹja fláì ní Mosquito Lagoon nìyí. (Fláì ni ìwọ̀ kékeré tí wọ́n fi ìyẹ́ tàbí irun dì kó lè jọ ohun tí ẹja ń jẹ.) Mi ò ní dárúkọ gáìdì náà o, òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ mí, ó ní àwọn oníbàárà tóun ní ti tó òun, òun ò fẹ́ kí fóònù máa dún tọ̀sán-tòru. Ìdajì ọjọ́ la fi jáde, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, dọ́là 500 la san pa pọ̀, a sì tún fún un ní tíìpù. Owó yẹn dùn mí nígbà tí mò ń san án, mi ò ní purọ́, àmọ́ kò dùn mí mọ́ báyìí.

Ọ̀sà ni Mosquito Lagoon, ara Indian River Lagoon ni, àárín Titusville àti New Smyrna Beach ló wà, Kennedy Space Center tí wọ́n ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì ò sì jìnnà síbẹ̀ rárá. Nígbà ooru omi ẹ̀ máa ń rú, tẹ́ ẹ bá dúró nínú ẹ̀ ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ ara yín. Wíntà dé báyìí, algae, ìyẹn ewéko wẹ́wẹ́ tó ń rú omi, á dín kù, omi á mọ́, á sì fà, torí òkun fúnra ẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ lásìkò yẹn, ibi púpọ̀ níbẹ̀ ò ní ju orúnkún lọ. Redfish tó ti fọ́n káàkiri á wá kó jọ, wọ́n á máa rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ máa fi ojú ara yín rí wọn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí fláì dùn níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹja kẹ́ ẹ tó ju nǹkan sí i, kò sí pé ẹ sọ ìwọ̀ sómi kẹ́ ẹ wá jókòó máa retí. (Ẹbí croaker tá à ń rà nílé ni redfish o, ìdílé kan náà làwọn onímọ̀ kó wọn sí.)

Wàyí o, ojú ọjọ́. Florida ò tutù bíi Chicago, àmọ́ nínú oṣù Kínní àti Kejì, òtútù máa ń ya wọlé láti àríwá léraléra. Ọjọ́ tó ṣáájú kó dé, afẹ́fẹ́ á máa ti gúúsù fẹ́, ara á móoru, ẹja á máa jẹun bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìyàn ń bọ̀. Òjò díẹ̀ á rọ̀, afẹ́fẹ́ á wá yí sí ìwọ̀ oòrùn àríwá, á le, á gbẹ, á fa ètè ya bí ọyẹ́. Lọ́jọ́ kejì ojú ọ̀run á mọ́ roro, ẹ máa rò pé ọjọ́ ìpẹja nìyẹn, irọ́ ni, omi ti tutù, ẹja ti sá wọ ibi tó jìn, wọn ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ó di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta sígbà yẹn, tí afẹ́fẹ́ bá ti yí sí ìlà oòrùn tó sì rọlẹ̀, kí wọ́n tó padà sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ wá yáná.

Ibi tí gáìdì yìí ti gba ọkàn mi nìyẹn. Sátidé la bá a dá, òun ló pè mí lálẹ́ Ọjọ́rú pé òtútù máa balẹ̀ lọ́jọ́ Furaidé, ṣé a lè sún un sí Mọ́ńdè, kò sì ní gba kọ́bọ̀ kan lé e. Mo ti bá ilé-iṣẹ́ kan lọ rí tí wọn ò ní gbà bẹ́ẹ̀ láé, wọ́n ti gba dípọ́sììtì, wọ́n ní ojú ọjọ́ ò sí lọ́wọ́ àwọn, wọ́n gbé wa sínú afẹ́fẹ́ máìlì 25 ní wákàtí kan, okùn fláì ń lù mí létí, ẹ̀yìn ni gbogbo ohun tí mo bá jù ń padà sí, a gbọ̀n títí a fi délé, wọ́n sì gba owó wọn pé. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń wá gáìdì, ẹ kọ́kọ́ bi í ohun tó máa ṣe tí òtútù bá já lu ọjọ́ yín. Tó bá ń dán yín wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, ẹ gbé owó yín sápò.

Ohun kejì ni pé kò jí wa láàárọ̀ kùtù. Aago mẹ́sàn-án la pàdé ní Haulover Canal, ojú omi tí wọ́n gbẹ́ wọ inú ọ̀sà náà, èmi tí mo ti mọ́kàn le fún aago márùn-ún, mo bi í pé kí ló dé, ó ní kí ni mo fẹ́ wá ṣe lórí omi tó tutù, ẹja pàápàá ṣì ń sùn. Bó ṣe wí ló rí. Ibi tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ti dúdú ló gbé wa lọ, torí ẹrẹ̀ dúdú ló ń tètè gba oòrùn, nígbà tó fi máa di nǹkan bí aago mọ́kànlá omi ibẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ó pa ẹ́ńjìnì láti ọ̀nà jíjìn, ó gun orí pèpéle kékeré tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó wá ń fi ọ̀pá gígùn tì wá lọ, kẹ́kẹ́ pa. Ó yọ fláì tó wà lẹ́nu okùn mi, ó ní ó tóbi jù fún omi tó mọ́ báyìí, ó so kékeré kan tó jọ akàn mọ́ ọn, àwọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú ojú wúwo kó lè tètè wọ̀. Bí ojú aago ló ṣe ń júwe ibi tí ẹja wà, iwájú ọkọ̀ ni aago méjìlá. Ó kàn sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, aago mẹ́wàá, ẹsẹ̀ bàtà 40, ó ń bọ̀ wá sọ́tùn-ún. Mi ò kọ́kọ́ rí nǹkan kan, àfi ìgbà tí ìrù jáde lómi, pẹ̀lú àmì dúdú roboto tó wà lára ẹ̀, ẹja náà dorí kodò ó ń tú ẹrẹ̀. Mo jù ú síwájú ẹ̀ díẹ̀. Mo jẹ́ kó balẹ̀. Mo fà á ní ṣísẹ̀ kan, ó yíjú, mo tún fà á díẹ̀, ìrù yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tó bá ti gbé e sẹ́nu, ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi fa okùn gbọn-in o, ẹ má gbé ọ̀pá ìpẹja sókè, tẹ́ ẹ bá gbé e, fláì á yọ lẹ́nu ẹ̀. Ó sáré, okùn ń han, ọ̀rẹ́ mi ń pariwo Jésù.

A dá a padà sómi. Ẹ gbọ́ dáadáa kẹ́ ẹ má bàa bá gáìdì jà: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2022, ìjọba Florida ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé redfish relé láti Indian River Lagoon. Ìyàwó mi ṣì ń béèrè pé dọ́là mélòó ni mo san láti lọ kí ẹja. Tó bá jẹ́ ọbẹ̀ ẹja lẹ ń rò, ẹ gba ọjà lọ. Òfin yẹn kì í sì í ṣe eré, koríko inú omi ibẹ̀ ti run gan-an látìgbà tí algae ti bò ó lọ́dún 2011, lọ́dún 2021 nìkan manatee, ẹran omi ńlá tó ń jẹ koríko yẹn, bíi 1,100 ló kú ní Florida, ebi ló pa púpọ̀ nínú wọn. Mo rí i pé gáìdì yìí kì í tan ẹ́ńjìnì níbi tí koríko tó kù wà, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Lísẹ́ńsì ìpẹja ńkọ́? Ti gáìdì ti bo yín. Ẹ kàn wọ aṣọ lé aṣọ, jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá, àti dígí polarized tó ń pa dídán ojú omi, láìsí ẹ̀ ẹ kàn ń wo omi lásán ni. Oúnjẹ ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀, omi nìkan ló gbé wá, mọ́ín-mọ́ín tí mo dì lọ ló gbà wá.

Ibi tó kù sí ni irinṣẹ́. Ọ̀pá ìpẹja ẹ̀ dáa, nọ́ńbà 8 (bí agbára ẹ̀ ṣe tó nìyẹn), ẹsẹ̀ bàtà 9, àmọ́ okùn tó wà lórí ríìlì, ohun tí wọ́n ń ká okùn sí, jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ibi gbígbóná, nínú òtútù àárọ̀ ṣe ló le gbagidi, ó ń ká jọ róbótóróbótó, a ní láti máa nà án kó tó ṣeé jù. Èèyàn tó mọ òtútù tó bẹ́ẹ̀, kí ló ṣe é tó fi irú okùn yẹn lé e? Mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, ọjọ́ tó bá pààrọ̀ okùn yẹn ni màá fi ẹyọ kan tó kù sí i.